Èmi Ni Mo Jókòó Síbi Ìjókòó Ìyá Kékeré

"Wò mí lójú! Mo ní kó o wò mí lójú! Ṣé Màmá rìnrìn àjò àbí kò rìn?"

Ohùn Ìyá Kékeré nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nínú yàrá tá a ti ń lọ aṣọ, lójú gbogbo ọmọ iṣẹ́. Áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé e kalẹ̀ sórí aṣọ tó wà níwájú mi. Ìgbà tí èéfín yọ ni ọ̀rẹ́ wa tá à ń pè ní Abẹ́rẹ́ sáré wá gbé e kúrò.

"Dá mi lóhùn, Ọ̀gá! Lọ́jọ́ Sátidé, ẹnu ẹ yá. Kí ló dé tó o wá yadi lónìí?"

"Jẹ́ ká bọ́ síta, ká sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́."

"Bí ọ̀rẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. "Ẹ gbọ́ o! Ó ní bí ọ̀rẹ́! Ọ̀tá mi ò tíì ṣe mí tó bẹ́ẹ̀ rí."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ó sì ti ń kan nínú mi bí oúnjẹ àná.

Ilé ìfọṣọ ńlá ni ibi iṣẹ́ wa. Aṣọ òtẹ́ẹ̀lì àti ti ilé ìwòsàn là ń fọ̀. Èmi ni ọ̀gá àwọn tó ń lọ aṣọ. "Tẹ̀-ẹ́-Dáadáa" ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, torí ohun tí mo ń pariwo láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn.

Ìyá Kékeré kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ìyá wọn kú, tó fi àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì, sílẹ̀ fún un. Òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Òun ló rán an níléèwé. Kò lọ́kọ, kò bímọ tiẹ̀. Tí wọ́n bá ní kó lọ wá ọkọ fẹ́, á ní, "Ọmọ kan tí mo ní ń jẹun tó èèyàn mẹ́fà. Ọkọ wo ló máa rí oúnjẹ jẹ nílé mi?"

Àbúrò yìí wá di agbábọ́ọ̀lù rọ́gbì. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ rọ́gbì, bọ́ọ̀lù ẹ̀ rí bí ẹyin. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń jù ú sí, iwájú ni wọ́n ń sá lọ. Tí ẹ bá bi mí, ìjà ni, wọ́n kàn fi rẹfirí sí i. Ọmọkùnrin náà ga, ó fẹ̀, àwọn òǹwòran sì sọ ọ́ ní Ilẹ̀kùn Irin, torí kò sẹ́ni tó ń gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ kọjá.

Lọ́jọ́ kan ni wọ́n mú un fún ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè. Ìdíje àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó ti òkè òkun wá. Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ìlú ńlá tó jẹ́ ìrìn wákàtí méjì sí wa tèèyàn bá wọ rélùwéè.

Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó tún gba yàrá méjì sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, láti Jímọ̀ títí di ọjọ́ Àìkú. Ìyá Kékeré pe àwa ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta: èmi, Abẹ́rẹ́ tó ń rán aṣọ tó bá ya, àti Dẹ́rẹ́bà tó ń wa ọkọ̀ ilé ìfọṣọ.

Ọmọ náà pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, Ìyá Kékeré sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ o. Tá a bá ti jáde sórí pápá, màá fọwọ́ lu àyà, màá wá nàka sí yín. Ìlà kejì, ìjókòó tó wà létí ọ̀nà. Mo ti mọ ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì jókòó síbẹ̀ o."

"Ta ló máa jókòó síbẹ̀?" Ìyá Kékeré dáhùn. "Màá ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fa ìlà sórí pápá. Ìwọ ṣáà máa jẹun dáadáa."

"Ẹ̀gbọ́n, mo wúwo tó màlúù."

"Màlúù náà ń jẹun."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín, nǹkan kan ta mí nínú. Àwa méjèèjì la jọ wọ iṣẹ́ lọ́dún kan náà. Èmi ni mo di ọ̀gá, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń yọ̀ mọ́. Ọmọ mi méjì tí mo bí fúnra mi, tí n bá pè wọ́n, wọ́n á ní ọwọ́ àwọn dí.

Ohun kejì rèé, ẹ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ń lọ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Mi ò sùn sórí ọ̀kan rí. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yàrá yẹn, ṣe ni mo ń kà á lọ́kàn bí ọmọdé: ó ku ọjọ́ mẹ́ta, ó ku ọjọ́ méjì.

Ní Tọ́sìdeè, máníjà pè mí sí ọ́fíìsì ẹ̀.

"Àpò mọ́kànlá ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn ní Sátidé. Ìwọ ló kàn o."

Mo rántí yàrá òtẹ́ẹ̀lì yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Aṣọ ilé ìwòsàn, pàápàá èyí tí wọ́n wọ̀ níbi iṣẹ́ abẹ, ó ní ẹ̀rọ tiẹ̀. "Erin" là ń pè é. Àpò mẹ́ta péré ni Erin ń gbé lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń tó wákàtí kan àtààbọ̀ kó tó fọ̀ ọ́ tán. Òfin ibẹ̀ le. Ẹni tó bá fi kọ́kọ́rọ́ tì í ló gbọ́dọ̀ ṣí i. Kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀, torí aṣọ tó lẹ́jẹ̀ lára ni, wọn ò fẹ́ kí ọwọ́ méjì kàn án.

Èèyàn mẹ́ta ló mọ̀ ọ́n lò. Èmi, Ìyá Kékeré, àti Màmá tó ti jẹ ọ̀gá ṣáájú mi, tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ gan-an ni Màmá ń gbé. Tá a bá pè é, á wọ sálúbàtà ẹ̀, á sì wá. Kìkì pé máníjà gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i.

Ó rọrùn, àbí? Kí n kàn sọ fún máníjà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ rìnrìn àjò, ẹ jẹ́ ká pe Màmá." Ṣùgbọ́n oṣù tó kọjá ni mo tọrọ àyè, ó sì wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá tí kì í sí nídìí iṣẹ́, ọ̀gá wo nìyẹn? Tó o bá tún tọrọ àyè lọ́dún yìí, màá fi ipò yẹn fún ẹlòmíì." Mo mọ ẹlòmíì tó ń sọ. Ìyá Kékeré ni.

Nítorí náà mo ní, "Mo ti gbọ́ sà."

Mo jáde. Máníjà kì í wá síbi iṣẹ́ ní Sátidé, kò ní mọ̀. Mo bá Ìyá Kékeré níbi tó ti ń ká aṣọ ìnura.

"Máníjà ní ìwọ lo máa gba aṣọ ilé ìwòsàn ní Sátidé."

Aṣọ ìnura bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Sátidé? Sátidé wo?"

"Sátidé yìí ni. Fara balẹ̀ ná. Àpò mẹ́ta péré ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Erin máa yí. Kó tó di aago mọ́kànlá o ti ṣe tán. O wọ rélùwéè aago kan, kó tó di aago mẹ́rin o ti jókòó."

"Ṣé kì í ṣe ìwọ ló kàn ni?"

"Ó ní ìwọ ni."

Ó wò mí. "Ṣé ó dá ẹ lójú pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni?"

"Ṣé mo ti parọ́ fún ẹ rí?"

Mi ò tíì parọ́ fún un rí lóòótọ́. Ìdí tó fi gbà mí gbọ́ nìyẹn.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, ó sìn wá dé ibùdó rélùwéè. Ó ti ra fìlà pupa mẹ́rin, àwọ̀ ẹgbẹ́ wa, ó dé mẹ́ta lé wa lórí lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ká jẹ́ ọmọ ẹ̀.

"Ẹ bá mi mú ìjókòó mi dání o," ló ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra. "Ẹ má sì jẹ́ kí Dẹ́rẹ́bà mutí!"

"Ta ló fẹ́ mutí?" Dẹ́rẹ́bà pariwo láti ojú fèrèsé. "Mo fẹ́ fi í fọ ẹnu lásán ni!"

Ọkọ̀ náà kún fọ́fọ́. Àwọn tó wọ pupa, àwọn tó wọ funfun, wọ́n ń kọrin lu ara wọn. Bàbá kan tí kò ní eyín iwájú sọ fún wa pé òun náà gbá rọ́gbì rí. Abẹ́rẹ́ ní, "Ẹ má ṣèyọnu láti sọ fún wa, Bàbá, a ti rí i." Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Mi ò rántí ìgbà tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tá a dé òtẹ́ẹ̀lì, mo ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì sókè kí n tó jókòó. Mo wo etí ẹ̀.

"Ẹni tó lọ èyí, ọ̀lẹ ni," mo ní. "Ìlà ẹ̀ wọ́."

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ sùn," Abẹ́rẹ́ ní. "Ẹ má sọ ìsinmi yìí di iṣẹ́ fún wa."

Mo sùn. Ó dùn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó dùn gan-an.

Àárọ̀ Sátidé, nǹkan bí aago mọ́kànlá kù ogún ìṣẹ́jú. Mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ife tíì wà lọ́wọ́ mi, Abẹ́rẹ́ wà ní balùwẹ̀. Fóònù mi dún. Ìyá Kékeré ni.

"Ọ̀gá, wàhálà dé. Ìsinsìnyí ni ọkọ̀ ilé ìwòsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Àpò mọ́kànlá ni!"

"Mọ́kànlá?" Ẹ gbọ́ bí mo ṣe pariwo ẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ létí ẹ̀.

"Mọ́kànlá! Erin máa yí lẹ́ẹ̀mẹrin. Tí mo bá dúró, ìdíje máa ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó parí. Mo ti ronú ẹ̀. Mi ò tíì ti nǹkan kan mọ́ inú Erin. Jẹ́ kí n pe Màmá. Mi ò ní nọ́ńbà ẹ̀, ìwọ lo ní in. Tàbí kí n kàn sáré yí sí ẹ̀yìn lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí ni mo ti sọnù.

Irọ́ ti Tọ́sìdeè, mo ṣì lè tún un ṣe. Tí mo bá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, lọ pe Màmá," á wọ rélùwéè aago kan. Á dé. Á jókòó síbi ìjókòó ẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá kì í gba iṣẹ́ láìpe máníjà. Á pe máníjà, máníjà á ní, "Ṣebí Tẹ̀-ẹ́-Dáadáa ló kàn? Òun dà?" Ipò mi á lọ. Gbogbo èyí ló rìn kọjá lọ́kàn mi kí n tó gbé omi tíì mì.

"Màmá ò sí nílé," mo ní. "Ó rìnrìn àjò. Ó lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀."

"Nígbà wo? Mo rí i ní Tọ́sìdeè."

"Àárọ̀ àná ló lọ. Òun fúnra ẹ̀ ló pè mí."

Mo gbọ́ tó ń wọ́ àpò kan lórí ilẹ̀.

"Kí ni kí n wá ṣe báyìí?"

"Ṣe kíá. Ọwọ́ ẹ yá. O ṣì lè gbọ́ apá kejì lórí rédíò."

"Apá kejì kọ́ ló fẹ́ nàka sí mi," ó ní. Ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Ó dáa. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó mọ̀ kó tó gbá a. Kó má dà á láàmú."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Kó má dà á láàmú.

Mo pa fóònù mi. Abẹ́rẹ́ jáde láti balùwẹ̀, ó ní, "Ta ni?" Mo ní, "Ìyá Kékeré ni. Iṣẹ́ ẹ̀ gùn díẹ̀, ó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Lọ́sàn-án, gbogbo ìgboro pọ́n pupa. Wọ́n ya àwọ̀ sójú ọmọ ọwọ́, wọ́n yà á sójú ajá. Dẹ́rẹ́bà ń bá àwọn ará òkè òkun ya fọ́tò, kò gbọ́ èdè wọn, wọn ò gbọ́ tiẹ̀, wọ́n ṣáà ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Mo ń rìn láàárín wọn, mo ń rẹ́rìn-ín.

A dé ìjókòó wa. Ìlà kejì. Ìjókòó etí ọ̀nà ṣófo.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún un," Abẹ́rẹ́ ní. "Ó lè dé nígbàkigbà."

Aago mẹ́rin kù díẹ̀. Ọkùnrin gíga kan jókòó síwájú mi, mi ò rí nǹkan kan. Láti ìjókòó etí ọ̀nà, gbogbo pápá hàn kedere.

"Jẹ́ kí n bá a mú un dání," mo ní. Mo sún síbẹ̀.

Wọ́n jáde. Ariwo sọ. Ilẹ̀kùn Irin ni ẹkarùn-ún lórí ìlà. Mi ò mọ̀ pé ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ojú sókè láti àárín pápá, ó ń wá ìlà kejì. Ó rí obìnrin tó dé fìlà pupa níbi tó sọ. Ó fọwọ́ lu àyà. Ó nàka.

Èmi náà sì gbé ọwọ́ mi sókè, mo juwọ́ sí i.

Mi ò mọ ìdí ẹ̀. Títí dòní, mi ò mọ̀ ọ́n. Bóyá mo rò pé kò ní dáa kí n má juwọ́. Bóyá mo fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí, kí ọmọ nàka sí èèyàn láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ojú ẹ̀ là. Ó rẹ́rìn-ín. Ó nu ojú ẹ̀ kó tó kọ orin orílẹ̀-èdè.

Abẹ́rẹ́ yíjú sí mi. "Ọ̀gá, kí lẹ ṣe yẹn?"

"Dákẹ́, orin ń lọ."

Ọmọ yẹn gbá rọ́gbì. Ẹ gbọ́, ó gbá a! Èèyàn méjì á gbé ara wọn lù ú, wọ́n á ṣubú, á ṣì dúró. Ẹ̀ẹ̀kan, ó gbé bọ́ọ̀lù mọ́yà, ó fa àwọn mẹ́ta wọ́ lẹ́yìn bí aṣọ tutù, ó kù díẹ̀ kó kọjá ìlà tó wà ní ìparí pápá. Gbogbo pápá ń kígbe, "Ilẹ̀kùn! Ilẹ̀kùn!" Mo bá wọn kígbe títí ohùn mi fi há.

Ó kù díẹ̀ kí apá àkọ́kọ́ parí ni wọ́n wó lù ú láti ẹ̀gbẹ́. Orúnkún ẹ̀ lọ sí ibi tí orúnkún kì í lọ. Mi ò gbọ́ igbe ẹ̀, òdìkejì pápá ló ti ṣẹlẹ̀. Mo ṣáà rí i tó ń fi ọwọ́ lu koríko.

Wọ́n gbé e jáde.

Láìpẹ́, òṣìṣẹ́ kan wá bá wa. "Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun wá. Ṣé ìwọ ni?"

Gbogbo wa la tẹ̀ lé e. Yàrá kékeré kan ni, abẹ́ àwọn ìjókòó, ògiri funfun, òórùn òògùn. Ọmọ náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò gba gígùn ẹ̀, wọ́n ti di igi mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Àwọn dókítà méjì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ létí ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi dà?" ló kọ́kọ́ bèèrè. "Mo rí wọn. Wọ́n juwọ́ sí mi."

"Ó wà níta," mo ní. "Ó ń sunkún. Kò fẹ́ kó o rí òun."

Ojú Abẹ́rẹ́ yọ jáde. Kó tó sọ̀rọ̀, fóònù Dẹ́rẹ́bà dún. Ó wò ó. "Ìyá Kékeré ni."

"Láti ìta?" ọmọ náà ní. "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn wọn. Ẹ gbé e síta kí n gbọ́."

Dẹ́rẹ́bà ò mọ nǹkan kan. Ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa gbọ́.

"Dẹ́rẹ́bà! Ẹ dà? Fóònù Ọ̀gá ò lọ! Mo gbọ́ ọ lórí rédíò ọlọ́dẹ gééti. Wọ́n ní orúnkún. Orúnkún wo? Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n."

"Ọmọ mi! Ọmọ mi, má jáyà, mo ń bọ̀. Mo ti ń sáré lọ síbùdó."

"Ẹ̀gbọ́n, ibùdó kẹ̀? Ṣebí ẹ wà níbí? Mo nàka sí yín."

"Èmi kọ́, àbúrò mi. Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà látàárọ̀. Àpò mọ́kànlá ni wọ́n kó wá, Ọ̀gá ní mẹ́ta ni. Ó ní Màmá rìnrìn àjò. Màmá rèé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá gba iwájú ilé ẹ̀ kọjá, orí àga ló jókòó sí, ó ń ya irun. Látàárọ̀ ló ti wà níbẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò pe òun."

Àwọn dókítà yíjú sí wa.

Ọmọ náà yí orí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò wo ojú mi. Fìlà tó wà lórí mi ló ń wò.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ̀yin ni mo nàka sí?"

Mo fọwọ́ kan etí fìlà náà.

"Ẹ̀yin lẹ juwọ́ sí mi?"

"Ó kàn... mo kàn ń bá a mú ìjókòó náà dání ni."

"Ẹ yọ fìlà yẹn kúrò lórí yín," ó ní. Kò pariwo. Ì bá kúkú pariwo.

Mo yọ ọ́. Mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí. Abẹ́rẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, ó sì ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo dá wọ rélùwéè padà.

Ọjọ́ Ajé tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ló tẹ̀ lé e. Ìyá Kékeré ti ọ̀dọ̀ àbúrò ẹ̀ wá tààrà, ojú ẹ̀ wú, aṣọ Sátidé ló ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ó dúró síwájú mi, ó ń bi mí nípa Màmá. Ibẹ̀ la wà tí máníjà fi já wọlé.

"Ta ló wà nídìí Erin ní Sátidé?"

Àṣé nígbà tí Ìyá Kékeré gbọ́ rédíò yẹn, àpò méjì tó kẹ́yìn ṣì wà nínú Erin. Ó sá lọ tòun ti kọ́kọ́rọ́ nínú àpò aṣọ ẹ̀. Aṣọ náà wà ní títì mọ́bẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Ilé ìwòsàn ò rí aṣọ tó tó lò lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ aláìsàn méjì síwájú.

"Mo ní ta ló wà níbẹ̀?" Ó yíjú sí mi. "Ṣebí ìwọ ló kàn?"

Ẹ wò ó, àyè kẹta nìyí tí Ọlọ́run fún mi. Gbogbo yàrá ń wò mí.

"Mo fi Ìyá Kékeré sípò mi, sà," mo ní. "Ó sì gbà. Òun ló ti Erin. Òun náà ló sá kúrò nídìí ẹ̀."

Kò sí irọ́ kan nínú ẹ̀. Ẹ tún un kà. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, nínú gbogbo irọ́ tí mo pa lọ́sẹ̀ yẹn, òun ló burú jù.

Máníjà ò bi mí ibi tí mo lọ, ó kọjú sí i. "Ṣé ìwọ lo tì í?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé ìwọ lo fi í sílẹ̀?"

"Èmi ni. Àbúrò mi ló..."

"Mi ò bi ẹ́ léèrè àbúrò. Àwọn aláìsàn náà ní àbúrò. Gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀, iṣẹ́ ẹ parí níbí."

Abẹ́rẹ́ la ẹnu. Máníjà wò ó. Abẹ́rẹ́ ní ọmọ mẹ́ta àti ìyá tó ti dagbá nílé. Ó pa ẹnu dé. Mi ò bá a wí. Èmi tí mo jẹ ọ̀gá, kí ni mo fi ẹnu tèmi ṣe?

Ìyá Kékeré ò bẹ̀bẹ̀. Kò ro ẹjọ́. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ láti àpò aṣọ ẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì ìlọṣọ, ó sì wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Tó o bá ti bèèrè ìjókòó yẹn lọ́wọ́ mi," ó ní, "mi ò ní fún ẹ. Àmọ́ ǹ bá wá ìkan fún ẹ."

Ó jáde. Ọdún mẹ́tàlá.

Ọdún mẹ́rin ti kọjá báyìí. Àbúrò ẹ̀ ń rìn, ṣùgbọ́n ó ń tiro. Kò gbá rọ́gbì mọ́. Ìdíje tó gbá fún orílẹ̀-èdè lọ́jọ́ yẹn ni àkọ́kọ́, òun ni ìkẹyìn. Dẹ́rẹ́bà ní òun ní in nínú fóònù òun, òun sì gbé e lọ fún Ìyá Kékeré pé kó wò ó. Ó kọ̀. Ó ní tó bá dé ibi tí ọmọ náà ti nàka, èmi lòun máa rí.

Ìyá Kékeré ń gbálẹ̀ ní iléèwé kan báyìí. Mo máa ń rí i láàárọ̀ lọ́nà iṣẹ́. Mo máa ń kí i. Ó máa ń dáhùn. Ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan tí mi ò rí nínú ìwé kankan: kò sí èébú tó dun èèyàn tó kí ẹni tó o ṣe níkà dá ẹ lóhùn "Ẹ káàárọ̀ o."

Ẹ má sọ fún mi pé Ọlọ́run á gbẹ̀san. Kò tíì gbẹ̀san. Èmi ṣì ni ọ̀gá àwọn tó ń lọ aṣọ. Máníjà yìn mí lọ́dún tó kọjá. Orúnkún mi méjèèjì dá pé, àwọn ọmọ mi wà láyè, mo ń sùn, mo ń jí.

Èmi ni mo ṣẹ̀. Ìyá Kékeré àti àbúrò ẹ̀ ló jìyà ẹ̀.